Ìkòkò Tí Kò Mọ Ààrò

Ìkòkò náà ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún méje láyé kó tó di àpáàdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Manhattan. Ogun ti gba orí rẹ̀ kọjá, ọba ti jẹ, ọba ti wàjà, odò Dánúbè ti kún, ó sì ti fà, kò sí èyí tó dá egbò sí i lára. New York ló wá fọ́ sí, nínú músíọ̀mù alájà mẹ́ta kan, lórí ilẹ̀ onípákó tó ń dán bíi dígí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹnu ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí Doyin Olúsànmí wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ẹnu bá ń sọ, ó yẹ kí ojú kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Doyin, Canarsie ní New York ló sì ń gbé. Àmọ́ Ìpetumodù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò. Ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ṣàròyé pé kì í kánjú. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́sẹ̀ amọ̀kòkò yóò mọ̀ pé ìkòkò tí a kánjú sun, àárín iná ni yóò ti là.

"Àǹtí Doyin, ẹ padà sílé o. Ẹjọ́ ti parí."

Rasheed ló sọ̀rọ̀ yẹn, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Jamaica ní Queens ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Yorùbá kò wọ́n ọn, àmọ́ ohùn kì í gòkè, kì í sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Pẹrẹsẹ ni, bí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí.

"Ó ti parí báwo?"

"Bàbá síkiọ́ríìtì. Kọ́kọ́rọ́ wọn ló wà lára àpótí gíláàsì. Àwọn ni wọ́n bá tí wọ́n dúró ti àfọ́kù. Kí ló tún kù?"

"Ó ku kí n rí ìkòkò náà."

"Ó ti fọ́ ná!"

"Tó bá fọ́, ṣé kò sí níbẹ̀ mọ́ ni?"

Rasheed rẹ́rìn-ín, ó sì yà fún un. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Yorùbá ni Bàbá yẹn o. Bí ẹ bá dá wọn sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní ẹ gbè wọ́n."

"Kí wọ́n máa wí. Bó bá jẹ́ pé òun ló fọ́ ọ, ọwọ́ èmi ni yóò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i."

Sharon, ọ̀gá músíọ̀mù náà, ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú àfọ́kù bí adìyẹ tí ọ̀já ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó ní Ọjọ́rú ni àwọn fẹ́ ṣí ìpàtẹ náà, ohun àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní àfonífojì odò Dánúbè, ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ dáko lágbègbè yẹn, tí wọ́n sin àgùntàn, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ilé onígi. Abúlé kan ní Romania ló yá wọn ní ìkòkò náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

"Dókítà Ilinca Dobre, awalẹ̀pìtàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ hú u jáde nílẹ̀, ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí," ni Sharon wí. "Ó ti balẹ̀ ní JFK. Kí ni màá sọ fún un, Inspẹ́kítọ̀?"

"Kámẹ́rà inú yàrá yìí ńkọ́?"

"Wọ́n tú u nítorí ọ̀dà tí wọ́n ń kùn. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ dá a padà."

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa."

Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri. Ìkòkò náà ló wà níbẹ̀, nínú ihò tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́, ó jókòó lórí òkúta mẹ́ta bó ṣe wà lọ́jọ́ tí obìnrin tó ni ín gbé e kaná kẹ́yìn. Doyin dúró níwájú àwòrán yìí títí Rasheed fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ààrò nìyí," ni Doyin wí.

"Ààrò bíi ti ilé wa? Àwọn òyìnbó?"

"Àwọn òyìnbó kẹ̀! Ṣé o rò pé wọ́n gbé gáàsì wáyé ni?"

Yàrá kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi Bàbá síkiọ́ríìtì sí. Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe hẹdimásítà nílé kó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Queens Village, ọdún kọkànlá rẹ̀ sì nìyí nínú músíọ̀mù yìí. Bí Doyin ṣe rí irun funfun náà, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Bàbá gbójú sókè. "Há. Ọmọ wa ni ẹ́."

"Ọmọ Ìpetumodù ni mí, sà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọba ló gbé mi wá. Bí ẹ bá jẹ̀bi, èmi náà ni màá mú yín lọ."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Béèrè ohun tó o bá fẹ́ béèrè."

Bàbá to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń kọ ọ́ sójú pátákó ìkọ̀wé. Ó ní aago mẹ́fà lòun ṣílẹ̀kùn. Òun yípo gbogbo yàrá, òun rí ìkòkò náà lódidi. Nígbà tó di aago méje, Nathan dé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Nathan yìí ló ń ṣe ìjókòó tí wọ́n ń gbé ohun àtijọ́ lé. Ní aago méje ààbọ̀, òun fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, òun lọ fọwọ́ kóun lè jẹ mọ́ínmọ́ín tóun gbé wá.

"Mo wá gbọ́ gbì! Mo ní kí nìyẹn? Kí n tó nu ọwọ́ tán, mo tún gbọ́ ọ, rọ̀ọ̀rọ̀ọ̀rọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń lọ ata gbígbẹ."

"Lẹ́yìn tó ti já bọ́?"

"Lẹ́yìn tó ti já bọ́. Mo sáré, àmọ́ orúnkún mi ti gbàgbé eré sísá. Ìgbà tí màá fi débẹ̀, kò sí ẹnì kan. Bí Nathan ṣe yọ láti àtẹ̀gùn ẹ̀yìn nìyẹn, tó ń lọgun pé kí ni mo ṣe yìí."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbẹ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ọdún mọ́kànlá, ìṣó kan náà."

 Ohùn Bàbá wá wálẹ̀. "Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. Iṣẹ́ lè lọ, ọmọ mi, mo ti jẹun níbòmíràn rí. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé oyè lé orí tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú jáde níbi iṣẹ́. Ohun tí mo fi ọdún méjìdínláàádọ́rin kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan wó."

"Mo gbọ́ yín, sà."

"Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Tèmi ti gbóná tó. Lọ wò ó dáadáa."

Ọ̀rọ̀ Bàbá ń bá Doyin rìn padà dé ibi àfọ́kù. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó lóṣòó. Lóòótọ́, ìkòkò náà ti kọjá kó fọ́ lásán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́, òmíràn ti di ìyẹ̀fun. Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn ìdí rẹ̀, níbi tí amọ̀ ti nípọn jù.

Doyin mú un, ó yí i padà. Dúdú ni, ó dúdú bí kóró iṣin.

Ó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Ó tún mú un. Lójú rẹ̀, kì í ṣe Manhattan ló wà mọ́. Ó rí ara rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án létí odò ní Ìpetumodù, tó ń fi iyanrìn àti eérú ha ìkòkò ọbẹ̀, tí ọwọ́ ń ta á. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò nìyà náà wà. Ìyá Àgbà kì í bá a jà nítorí ìdí, torí ìdí kì í fún ni ní iṣẹ́. Ìkòkò tó ń gbé orí ààrò, ọwọ́ iná ló ń lá ìdí rẹ̀ tààrà, iná yẹn náà ló sì ń jẹ èéfín tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni dúdú ń sá lọ. Ìdí a máa pọ́n.

"Kí lẹ rí?" ni Rasheed bi í.

"Mi ò tíì rí i tán."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Nathan. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, amọ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ìkòkò mẹ́wàá tó jọ èyí tó fọ́ lókè wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín nìwọ̀nyí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ti àwọn ọmọ iléèwé ni. Wọn ò lè fọwọ́ kan ohun àtijọ́, àmọ́ wọ́n lè fọwọ́ kan tèmi."

"Ẹ gbé ojúlówó síwájú mọ wọ́n ni?"

"Rárá o. Oṣù mẹ́ta ṣáájú kó tó dé ni mo ti mọ wọ́n. Àwòrán ni mo ń wò."

Ó nawọ́ sí ògiri. Àwòrán mẹ́sàn-án ni. Doyin kà wọ́n. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fi hàn pé ìkòkò dúró, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé.

"Ọwọ́ yín dá ṣáṣá," ni Doyin wí, ó sì wí i látọkàn. "Ní òwúrọ̀ yìí ńkọ́, kí lẹ gbọ́?"

"Ariwo kan, gbàà. Mo sáré gòkè. Bàbá arúgbó yẹn ló dúró níbẹ̀ tó ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àgbà ti dé, ọwọ́ kò lágbára mọ́."

"Ariwo kan ṣoṣo?"

"Kan ṣoṣo."

Doyin dúpẹ́, ó bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó tẹ Dókítà Ilinca láago. Inú taksí ni obìnrin náà wà, ẹkún sì ti gba ohùn rẹ̀, torí Sharon ti sọ fún un.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré. Báwo ni ìdí ìkòkò yín ṣe rí?"

Ẹkún dá. "Kò sí ẹni tó bi mí léyìí rí. Pupa ni. Ó mọ́ roro. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo dúdú rẹ̀ wà."

Doyin mí kanlẹ̀. "Ẹ má sunkún mọ́, Dókítà. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ti péjọ sí yàrá iṣẹ́ Nathan. Dókítà Ilinca dúró pẹ̀lú àpò ìrìn-àjò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kúrú, ó ki, ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ nínú oòrùn. Sharon ká ọwọ́ gbera. Bàbá Mákánjúọlá jókòó, Rasheed dúró tì í. Nathan fẹ̀yìn ti pẹpẹ rẹ̀.

"Inspẹ́kítọ̀, ṣé dandan ni kí gbogbo wa wà níbí?" ni Sharon béèrè.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mà. Ìkòkò tó bá ti ibi tó ga tó àyà já bọ́ sórí pákó, yóò fọ́. Kì í di ìyẹ̀fun. Ẹnì kan ló fi bàtà lọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó ti fọ́. Bàbá gbọ́ ọ. Nathan, tí etí rẹ̀ ṣì mú ju ti Bàbá lọ, ní òun kò gbọ́. Mo wá bi ara mi pé, kí ni ẹni tó ti fọ́ ìkòkò tún ń lọ̀ ọ́ fún?"

Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ mọ́. Ta ni ì bá sì dá a mọ̀? Dókítà tó ń bọ̀ láti JFK ni, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tó mọ gbogbo àpá ara rẹ̀. Ẹni yìí lọ̀ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ìdí nípọn, bàtà kò ràn án."

Ó gbé ìdí ìkòkò náà sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé. Dókítà Ilinca bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò ju ẹyọ ojú kan lọ tó fi pariwo. "Èyí kọ́! Kì í ṣe èyí!"

"Kì í ṣe èyí," ni Doyin tún un sọ. "Ìkòkò yìí kò mọ ààrò rí. Ẹni tó ń dáná lórí sítóòfù ló mọ ọ́n. Ó rò ó pé ibi tí iná wà ni yóò dúdú jù. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá fi igi dáná rí, yóò rẹ́rìn-ín. Rasheed, dojú àwọn ìkòkò orí pẹpẹ yẹn dé fún wa, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Nathan sún síwájú. "Wọ́n lè fọ́ o."

"Yóò rọra."

Rasheed yí àkọ́kọ́. "Dúdú." Ó yí èkejì. "Dúdú." Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, dúdú ni gbogbo wọn, dúdú bí kóró iṣin, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ìkẹfà. Ìkeje. Ojú Nathan ti kúrò lára wọn, ilẹ̀ ló ń wò.

Rasheed yí ìkẹjọ, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ni?" ni Bàbá béèrè láti orí ìjókòó rẹ̀.

"Pupa," ni Rasheed wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ gòkè, ó sì sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ. "Àǹtí Doyin, pupa ni!"

Dókítà Ilinca ti dé ibẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Ó gba ìkòkò náà, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà, ó ń sọ èdè ìlú rẹ̀ sí i létí.

Nathan ta kò ó. "Ìyẹn ò ní kó jẹ́ èmi. Ẹnikẹ́ni lè mú ọ̀kan nínú tèmi, kó fi pààrọ̀ rẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wo páálí tó wà lọ́rùn ojúlówó yìí. Nọ́ńbà kẹjọ. Ìkọ̀wé ta ni? O ṣe ìjókòó fún un, ìwọ lo gbé e sínú gíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì. Tìrẹ lo gbé síbẹ̀, o wá fi ojúlówó pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò, láàárín àwọn tí ọmọdé ń fọwọ́ pa. O gbọ́ pé Dókítà ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, àyà rẹ já. O mú kọ́kọ́rọ́ Bàbá lórí ìṣó, o fọ́ tìrẹ, o lọ̀ ọ́, o gba ẹ̀yìn lọ, o sì padà wá pariwo lé ẹni tó bí ẹ lọ́mọ."

 Nathan fọwọ́ nu ojú, amọ̀ sì kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọdún méjìlá," ni ó wí. "Ọdún méjìlá ni mo ti ń mọ ohun tí wọ́n ń jù sílẹ̀, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ tà á. Ó kàn wù mí kí ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ jókòó láàárín tèmi."

"Ọwọ́ rẹ mọ ìkòkò," ni Doyin wí. "Ojú mi rí i, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìkòkò nìkan lo mọ̀, o ò mọ ọbẹ̀. O ò sì mọ ènìyàn."

Bàbá Mákánjúọlá dìde. Ó rin lọ dé iwájú Nathan, ó wò ó bó ṣe máa ń wo ọmọ tó jí ṣọ́ọ̀kì nígbà tó wà nílé ìwé.

"Àpáàdì ló tó ko iná lójú, Nathan. Èmi lo mú ko iná tìrẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kí ọ láàárọ̀."

Nathan kò lè gbójú sókè. Rasheed rọra mú un ní apá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún kẹ́kẹ́, ọwọ́ tó yẹ ló sì wọ̀.

Sharon bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ dé òpin, torí àforíjì tí a bá gé nídajì, kì í jinná. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Màá kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Dókítà Ilinca gbé ìkòkò náà sórí tábìlì, ó pe Doyin súnmọ́ ọn, ó sì tan iná fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ibì kan jìn wọnú díẹ̀. Ojú ìka ni. Obìnrin kan ló fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù níbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún méje sẹ́yìn, kó lè di mọ́ra. Doyin mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Àgbà máa ń tẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ léyìí?" ni Dókítà béèrè. "Yunifásítì wo?"

"Ìyá ìyá mi ni. Àbẹ̀jẹ́ lorúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ní Ìpetumodù. Kò ka ìwé kankan rí. Bí ẹ bá ń kọ ìròyìn yín lórí ìkòkò yìí, Dókítà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Obìnrin náà yọ ìwé kékeré kan. Ó ní kí Doyin pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ní kó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà. Doyin dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyá rẹ̀ joyè.

Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé ìkòkò náà gòkè, Sharon nawọ́. Dókítà Ilinca mi orí. Bàbá Mákánjúọlá ló yíjú sí.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi gbé e, sà."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.  Ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó sọ pé kó yára. Òkúta mẹ́ta ti wà nínú àpótí gíláàsì, àwọn gan-an tí wọ́n bá a lórí wọn. Bàbá gbé e kà wọ́n, ó yí i díẹ̀ títí ó fi jókòó dáadáa.

"Ààrò mẹ́ta kì í dọ́bẹ̀ nù," ni ó wí.

"Kí ló sọ?" ni Dókítà bi Rasheed.

Rasheed họ orí, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Dókítà Ilinca wo òkúta mẹ́ta náà, ó wo bàbá arúgbó náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún lòun ti ń wá bí òun yóò ṣe ṣàlàyé òkúta mẹ́ta yẹn nínú ìwé, àṣé ó ti wà lẹ́nu ẹnì kan ní Queens Village.

Bàbá ti gíláàsì, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tún un yí wò. Ó rìn padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ti tutù, ó sì na ọwọ́ sí ìṣó ọlọ́dún mọ́kànlá.

Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó wo ìṣó. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò rẹ̀, ó fọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó, ó sì ṣí mọ́ínmọ́ín rẹ̀.